Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Tí A Dà Lé Oníbúrẹ́dì Lórí

Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.
Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Múínátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ pé ṣé ò ń jẹun, àti pé kí ni o ń fi súwẹ́tà tí òun dì sínú báàgì rẹ ṣe, nítorí pé nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, apá rẹ méjèèjì ló wà níta nínú òtútù. Mo ti jíṣẹ́. Kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀ wàyí.

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín nígbà tí o bá rí lẹ́tà yìí. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà lóde òní? Fóònù wà lọ́wọ́ mi, ìwọ náà lo sì rà á fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu mi kò lè gbé dé ìdajì lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí a jọ sọ̀rọ̀, ohùn mi gbọ̀n. O bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tí ohùn yín rí báyìí?" Mo ní netiwọ́ọ̀kì ni. Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe netiwọ́ọ̀kì. Lẹ́tà yìí ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ dáadáa. O kò tíì lo oṣù kan nínú lábù tí wọ́n gbà ọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan dé láti wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le, ọkùnrin tí wọ́n ń tọ́jú fún àìsàn jẹjẹrẹ, tí oògùn ti mú agbára ara rẹ̀ lọ. Nǹkan hù nínú ìgò náà. O gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, o rí i pé kì í ṣe bakitéríà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, ó rí roboto, ó ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá rẹ wò ó, ó ní ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ọwọ́ ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀, kí ẹ dúró di ọjọ́ Ajé ná. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ tí o pè mí. O ń rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń sọ ọ́, o ní ìwọ mọ̀ pé kì í ṣe ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ẹni tuntun ni ọ́, o kò fẹ́ kí wọ́n ní o mọ̀ jù.

Mo jágbe mọ́ ọ. Mo ní kí o dìde níbi tí o wà, kí o pe wọ́ọ̀dù náà lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́, nítorí mi ò kì í jágbe mọ́ ọ. O pè wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta o pè mí padà pé dókítà ti yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kì bọ iṣan ọrùn ọkùnrin náà, pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, àti pé nígbà tí ẹ dán fọ́ńgọ́ọ̀sì náà wò, oògùn tí gbogbo ayé mọ̀ kò lè pa á, wọ́n sì ti yára yí i sí èyí tó lágbára jù. O ní ọ̀gá rẹ fúnra rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Inú mi dùn débi pé mo lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé, mo sunkún. Ìyá rẹ rò pé ẹnì kan ló kú.

Ẹnì kan kú lóòótọ́. Ó ti pẹ́.

O mọ Ìyá Ẹdúnàbọ̀n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó ọ. Òun ló máa ń dirun fún ọ ní gbogbo ọdún Iléyá, òun ló jókòó ti ìyá rẹ lọ́jọ́ tí o parí Kùránì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń tà létí títì Ìbàdàn kì í ṣàìdé ilé wa lọ́dọọdún, odidi ìdì kan. Nígbà tí o wà ní kékeré, o bi mí ohun tí obìnrin yìí jẹ́ sí wa tó fi ń ṣe bí ẹbí. Mo ní mo fún ọmọ rẹ̀ àkọ́bí lẹ́jẹ̀ nígbà kan, ọmọ náà kò yè, ṣùgbọ́n kò gbàgbé oore. Òótọ́ ni mo sọ fún ọ. Ìdajì rẹ̀ ni mo sọ.

Kí a tó bí ọ, ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti tì í pa tipẹ́. Ẹ̀yìn lábù wa gan-an ni ilé búrẹ́dì kan wà. A kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, fèrèsé la máa ń ṣí, òórùn búrẹ́dì gbígbóná á sì máa wọlé bá wá láti àárọ̀. Yíìsì tí wọ́n fi ń wú búrẹ́dì, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni òun náà. Nítorí náà, bí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá hù nínú ìgò ẹ̀jẹ̀ kan, ọ̀gá wa, Ọ̀gá Láníyan, á wò ó, á ní, "Oníbúrẹ́dì ti tún wá kí wa." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. A ó fi báírò pupa kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ìdọ̀tí wọ ìgò, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn wá. Bí ìyẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ bí àwàdà nìyẹn, kí n tó lo ọdún méjì níbẹ̀ ó ti di òfin. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó rú u.

Ọmọ Ìyá Ẹdúnàbọ̀n kò pé oṣù tí wọ́n fi bí i. Olóṣù méje ni. Bí o bá gbé e, o kò ní mọ̀ pé o gbé nǹkan. Wọ́n sọ ọ́ ní Sùlàímọ́nù nínú wọ́ọ̀dù níbẹ̀, nítorí wọn ò lè gbé e jáde. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú ìwọ́ rẹ̀ tí oògùn ń gbà wọlé, oríṣiríṣi abẹ́rẹ́ tó ń pa bakitéríà ni wọ́n sì ti gún un. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn ń fà. Oògùn ti ro oko náà mọ́ tónítóní, fọ́ńgọ́ọ̀sì wá rí ilẹ̀ gbòòrò. Ara rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbé ìgò náà, ó ti dàrú bí omi ògì. Mo wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù, mo rí i. Roboto, ó ń yọ ọmọ. Ọ̀gá Láníyan kò wá síbi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ pa lẹ́rìn-ín, síbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Oníbúrẹ́dì." Mo mú báírò pupa.

Iṣan ọmọ náà kò ju òwú lọ. Ọjọ́rú ni nọ́ọ̀sì tó rí ẹ̀jẹ̀ mìíràn fà. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo jáde lọ ra búrẹ́dì tí n óò fi jẹ ẹ̀wà. Mo bá ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì ní títì. Obìnrin tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní, "Wọn ò sí o, bọ̀dá. Bàbá oníbúrẹ́dì ló kú, wọ́n ti lọ sìnkú ní Ìkirè láti Sátidé."

Láti Sátidé. Wọn ò fi yíìsì kan ìyẹ̀fun láti Sátidé, Àbẹ̀kẹ́. Mo dúró sójú oòrùn níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe ti oníbúrẹ́dì.

Tí mo bá ti yíjú padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí mo sáré lọ sí wọ́ọ̀dù, àṣìṣe ni ǹ bá máa pè é títí dòní, àṣìṣe kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo padà sórí ìjókòó mi. Ojú ń tì mí. Mo ń wo ara mi bí mo ṣe máa dúró níwájú dókítà kí n máa sọ pé, "Ẹ má bínú sà, ohun tí mo ní ìdọ̀tí ni, kì í ṣe ìdọ̀tí." Mo ní ìgò kejì á fúnra rẹ̀ sọ ọ́, kò ní sí ẹni tó máa bi mí ní ti àkọ́kọ́. Ìgò kejì kò hù títí di Sátidé. Sátidé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́, pẹ̀lú ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan.

Wọ́n fún un ní oògùn tí a ní, kápúsù kan náà tí gbogbo kẹ́mísìtì ń tà, wọ́n tú u sínú omi. Kò ràn án. Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, tèmi bá tirẹ̀ mu, mo na apá. Mò ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti fà á, òwú ṣì wà lápá mi, ìyá ọmọ náà bá mi ní kọ́rídọ̀, ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó ní Ọlọ́run á dá ẹ̀jẹ̀ mi padà fún mi nílọ̀ọ́po. Mo ní kó dìde. Mo padà sínú lábù.

Ní ọjọ́ Ajé, dókítà rí i pé kápúsù kò ṣiṣẹ́, ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún abẹ́rẹ́ tó lágbára jù. Awakọ̀ kan gbé e wá nínú fúláàsì pẹ̀lú yìnyín ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Ọmọ náà ti kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

O kò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Èyí tó burú jù ni ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú láti ọjọ́ yẹn. Mo máa ń sọ fún ara mi pé fọ́ńgọ́ọ̀sì náà lágídí, oògùn kò ràn án, nítorí náà bí mo bá tilẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibi kan náà ni ì bá já sí. Mo fi agídí fọ́ńgọ́ọ̀sì bo ẹ̀ṣẹ̀ ara mi mọ́lẹ̀ fún gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ọjọ́ tí o pè mí tí o ní ẹ ti yí oògùn ọkùnrin yẹn padà ni aṣọ náà ya. Bí mo bá sọ ọ́ ní Ìṣẹ́gun, ní Ọjọ́bọ̀ wọn ì bá ti mọ̀ pé kápúsù kò ràn án, abẹ́rẹ́ ì bá ti dé láti Ìbàdàn ní Sátidé. Bóyá ọmọ náà ì bá ṣì kú, ó kéré púpọ̀. Allāhù nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin náà, èmi ni mo jẹ ẹ́, kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì.

Ó yá, jẹ́ kí n fún ọ ní ìmọ̀ràn tí mo ní, kí n tó sọ ohun tí mo ṣe ní Ọjọ́rú tó kọjá yìí. Má jẹ́ kí ó sú ọ. O mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn.

Èkíní. Bí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá hù nínú ìgò ẹ̀jẹ̀, má pè é ní ìdọ̀tí. Jẹ́ kí dókítà ló máa pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti wo aláìsàn, nítorí ìwọ kò rí aláìsàn, ìgò lo rí. Kọ́kọ́ gbé fóònù kí o tó gbé báírò. Béèrè orúkọ ẹni tó gbé e níbẹ̀, kí o sì jẹ́ kó tún ohun tí o sọ sọ fún ọ. Bí wọ́n bá ní o dààmú wọn lásán, sọ pé kí wọ́n má bínú. Ẹ̀bẹ̀ kò ya ẹnu, mo mọ ohun tí ń ya ọkàn.

Èkejì, má fi ti ẹni tuntun ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀gá rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ, kí o bọ̀wọ̀ fún un tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ ló rí i lọ́jọ́ yẹn. Bí o bá fẹ́ ta kò ó, má ṣe é lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Bá a lọ síbi ìjókòó rẹ̀, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tún un wò, ọkàn mi kò balẹ̀." Àgbà tó bá gbọ́ irú èyí á tún un wò. Bí kò bá wò ó, pe wọ́ọ̀dù.

Ẹ̀kẹta, ṣọ́ra fún àwàdà ibi iṣẹ́. Mi ò ní kí o má rẹ́rìn-ín, ọmọ tó bá bá ìyá rẹ gbé lábẹ́ òrùlé kan láìrẹ́rìn-ín á ya wèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ní orúkọ àpárá fún nǹkan kan, ojú yín kò ní rí nǹkan náà mọ́, orúkọ ni yóò máa rí. Ọ̀gá Láníyan kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, òun ló bá mi tọrọ ìyá rẹ. Kí Ọlọ́run foríjì í. Ṣùgbọ́n àwàdà rẹ̀ ló wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.

Èyí tó tún kàn ni ti oògùn, níbí ni kí o ti fi mí rẹ́rìn-ín bó ṣe wù ọ́. O rántí pé Dókítà Ìlódè ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ẹni tí ara ń yún, ẹni tí làpálàpá mú lórí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní funfun lórí ahọ́n, kódà ẹni tó ń wúkọ́, gbogbo wọn ló ń kan ilẹ̀kùn wa. Mo ní kápúsù yẹn nínú agolo. Mo máa ń fún èyí ní méjì, èyí ní ẹyọ kan, pé kó lọ lò ó ná. Orí mi á wú pé mo ń ṣoore. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìwó máa ń ránṣẹ́ wá gbà á bí ẹni ń gba gààrí. Kò sí ẹni tó sọ fún mi nígbà yẹn pé oògùn díẹ̀díẹ̀ tí kò tó láti pa nǹkan, ṣe ló ń kọ́ ọ bó ṣe máa yẹ̀ ẹ́. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé tí o gbé yàrá sí máa mọ̀ pé ilé ìwòsàn lo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn. Fún wọn ní omi tútù, fún wọn ní ìjókòó, kí o júwe ibi tí dókítà wà fún wọn. Má fún wọn ní kápúsù.

Èkelòó la dé? Ó ti dà rú mọ́ mi lójú. Jẹ́ ká pè é ní ti ọwọ́ fífọ̀.

O ní àwọn kan wà nínú àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì tuntun yìí tí wọ́n ń jókòó sára irin bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ gbọọrọ, pé láti ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ń ti orí bẹ́ẹ̀dì kan bọ́ sórí òmíràn. O sì ní ó ṣòro fún ọ láti sọ fún àgbàlagbà pé kó fọwọ́ nígbà tí o bá lọ sí wọ́ọ̀dù. Mo mọ ìṣòro yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Sùlàímọ́nù lórúkọ, mo wà níbẹ̀. Ààfáà tó kọ́ mi ní kéú ni wọ́n pè, ó ti bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́ láti ẹnu géètì, ó sì na ọwọ́ náà lé ọmọ lórí àti láyà. Ṣé èmi Lámídì ló máa sọ fún ààfáà mi pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́, ẹni tó kọ́ mi ní àlùwàlá? Mo dákẹ́. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọgbọ́n tí mo wá rí lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì ni mo fẹ́ fún ọ. Nílẹ̀ wa, ta ló ń bu omi fún àgbà láti ṣanwọ́ kó tó jẹun? Ọmọdé ni. Ìwọ̀sí kọ́, iyì ni. Nítorí náà, má sọ fún àgbà pé kó lọ fọwọ́. Mú ike omi afọwọ́ tó wà ní wọ́ọ̀dù, kúnlẹ̀ díẹ̀, kí o ní, "Ẹ na ọwọ́ yín wá sà, ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ fún yín." Kò sí ọba tí kò ní na ọwọ́. Mo dán an wò lára bàbá ìyá rẹ nígbà tó wà nílé ìwòsàn, àdúà ló sì ń ṣe fún mi bí mo ṣe ń bù ú.

Ó ku díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ́ Táófíkì yẹn tún pè mí láàárọ̀ yìí. Ojoojúmọ́ ló ń kí mi kú ìdájí, ó sì ń bi mí nípa ìrora orúnkún mi bí ẹni tí orúnkún náà jẹ́ tirẹ̀. Bí o bá fẹ́ ẹ, sọ fún un. Bí o kò bá fẹ́ ẹ, tètè sọ fún un pẹ̀lú, kí orúnkún mi lè sinmi. Gbogbo nǹkan tí a bá mọ̀ tí a kò tètè sọ ló ń di gbèsè. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Wàyí o, Ọjọ́rú. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Mi ò sọ fún ìyá rẹ, mo ní mo fẹ́ lọ wo ilẹ̀ kan. Mo bá Ìyá Ẹdúnàbọ̀n nílé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Múínà. Ṣé kò sí?"

Mo ní, "Kò sí. Ọ̀rọ̀ Sùlàímọ́nù ni mo bá wá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rò pé kò sí ẹni tó ti dárúkọ ọmọ náà nínú ilé yẹn fún ọdún púpọ̀. Mo sọ ọ́ fún un láti orí dé ìsàlẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ fún ọ yìí, ìgò, báírò pupa, ilẹ̀kùn oníbúrẹ́dì, ìtìjú mi, gbogbo rẹ̀. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo sọ ọ́ parí. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo sì ti múra sílẹ̀ fún ẹkún.

Ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rí nǹkan náà?"

Mo ní, "Ojú mi yìí ló rí i."

"Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?"

"Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni."

"Kì í ṣe inú omi ọyàn?"

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo ní, "Omi ọyàn wo?"

Ó ní, "Èmi ni mò ń fún omi ọyàn sínú ife tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń bọ́ ọ. Nígbà tí a sin ín tán, ìyá ọkọ mi ní kí n fún omi ọyàn sínú àwo. Wọ́n ju èèrà sí i, èèrà náà kú. Wọ́n ní ẹ ò rí i, omi ọyàn rẹ̀ ló pa ọmọ." Ó wo ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mẹ́ta ni mo bí lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Múínà. Kò sí èyí tí mo fún lọ́yàn nínú wọn."

Àbẹ̀kẹ́, mo mọ̀ pé inú agolo ni mílíìkì àwọn ọmọ náà ti ń wá. Mo rí àwọn agolo náà lórí tábìlì rẹ̀ lọ́dọọdún. Mo tilẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń ní ọmọ òyìnbó ló ń tọ́. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìdákẹ́ mi ń dáàbò bo èmi nìkan, mi ò mọ̀ pé òun ló ń ru ohun tí mo gbé sọ̀ kalẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Kò ní kí n dìde. Ó nawọ́ kọjá lórí mi, ó mú fóònù rẹ̀ lórí àga, ó pe Ràfátù, ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní Ìpetumodù ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo wà tí mo ń gbọ́.

Ó ní, "Ràfá, ọmọ dà? Ṣé ó jí? Gbé e sọ́yàn." Ó ń gbọ́ ohun tí Ràfátù ń wí. "Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o má fún un. Mo ní gbé e sọ́yàn báyìí, kí n máa gbọ́ ọ. Kò sí nǹkan tó ṣe omi ọyàn wa. Kò sí nǹkan tó ṣe é rí."

Ó gbé fóònù náà sétí, ó ń gbọ́. Nígbà tó ṣe, ó bo ẹnu fóònù, ó ní, "Ẹ máa lọ ilé, Bàbá Múínà. Mi ò tíì lè wo ojú yín lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń mu ún."

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán fún ọ,

Lámídì Àkànní